Ọmọkùnrin tó yàyàkuyà ní Tamale: ibo ni òbí lè mú un lọ, báwo ni yóò sì ṣe padà wálé?

Ní oṣù Kejì ọdún 2025, ìwádìí kan tí BBC ṣe mú kí orúkọ Tamale, olú-ìlú Ẹkùn Àríwá orílẹ̀-èdè Ghana, wà lẹ́nu àwọn ènìyàn káàkiri àgbáyé. Oògùn olóró kan tí ilé-iṣẹ́ kan ń ṣe ní Íńdíà, tí wọ́n ń tà lábẹ́ orúkọ Tafrodol, ti wọ ìgboro ìlú náà débi pé olóyè kan níbẹ̀, Alhassan Maham, kó nǹkan bí 100 ènìyàn jọ láti máa ká àwọn tó ń tà á mọ́ ibùba wọn. Iṣẹ́ ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń ṣe. Èyí tí wọ́n gbà lọ́wọ́ àwọn oníṣòwò náà, ojútáyé ni wọ́n ti dáná sun ún. Láàrin oṣù yẹn kan náà ni ìjọba Íńdíà fòfin de ṣíṣe irú àdàlù oògùn bẹ́ẹ̀ àti kíkó o ránṣẹ́ sí òkè òkun.

Oògùn ṣeé dáná sun. Ọmọ tó ti mọ́ lára ńkọ́? Ọmọkùnrin ọdún 15 tàbí 16 tó ti fi ilé-ìwé sílẹ̀, tí kì í wọlé sùn mọ́, tí nǹkan ń sọnù nínú ilé nítorí rẹ̀, tí bàbá rẹ̀ ti nà títí tó ti sú u. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ wà ní Tamale gẹ́gẹ́ bó ṣe wà ní Mushin àti ní Ìbàdàn. Kì í sì í ṣe oògùn nìkan ló ń wá irú wọn kiri. Àwọn olóṣèlú pẹ̀lú mọ ìwúlò wọn: orúkọ ẹgbẹ́ Azorka Boys tí wọ́n mọ̀ mọ́ NDC, àti ti Kandahar Boys tí wọ́n mọ̀ mọ́ NPP, kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni ní Tamale, àfi bí ẹni náà kò bá gbọ́ ìròyìn rí. Ọdún 2019 ni ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Ghana ṣe òfin pàtàkì kan láti dá irú ẹgbẹ́ jàgídíjàgan bẹ́ẹ̀ lẹ́kun.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ bá dójú ẹ̀, èrò kan náà ló ń wá sí ọ̀pọ̀ òbí lọ́kàn: kí a gbé ọmọ yìí kúrò nílé. Kí a gbé e lọ síbi tí ògiri wà, tí ẹlòmíràn yóò ti máa ṣọ́ ọ, tí yóò sì padà wá ní ènìyàn gidi.

Kí ni òfin Ghana sọ?

Òfin méjì ló ṣe kókó. Àkọ́kọ́ ni Òfin Àwọn Ọmọdé ti ọdún 1998, tí wọ́n mọ̀ sí Act 560. Èkejì ni Òfin Ìdájọ́ Àwọn Ọ̀dọ́ ti ọdún 2003, Act 653. Ní Ghana, ọmọ tí kò tíì pé ọdún 12 kò lè jẹ́bi ọ̀ràn nílé ẹjọ́, ẹni tí kò sì tíì pé ọdún 18, ọmọdé ni lójú òfin.

Àwọn òfin wọ̀nyí ya ọ̀nà méjì sọ́tọ̀, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ òbí ti máa ń ṣì í mú. Ọ̀nà kan wà fún ọmọ tó nílò ààbò: ẹni tí kò ní alágbàtọ́, ẹni tó ń rìn kiri, tàbí ẹni tó wà nínú ewu ara tàbí ti ìwà. Ọ̀nà kejì wà fún ọmọ tó ti ṣẹ̀ sí òfin. Fún ti àkọ́kọ́, ilé ìtọ́jú tí ìjọba fọwọ́ sí lè gba ọmọ náà. Aládàáni lè dá irú ilé bẹ́ẹ̀ sílẹ̀, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ ṣí i láìgba àṣẹ. Fún ti ìkejì, bí ẹ̀ṣẹ̀ náà kò bá wúwo, òfin ti ṣètò ìgbìmọ̀ kan fún ọ̀rọ̀ ọmọdé ní àgbègbè ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan, níbi tí ọmọ, òbí àti ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ yóò ti jókòó sọ ọ́. Bí ó bá dé ilé ẹjọ́, òṣìṣẹ́ ìjọba gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ṣe ìwádìí nípa ilé tí ọmọ náà ti wá, ilé-ìwé rẹ̀ àti àwọn tó ń bá rìn, kí adájọ́ tó pinnu ohun tí wọn yóò ṣe fún un.

Bí adájọ́ bá ní kí wọ́n fi í sí ilé ìtúnwàṣe, iye ọjọ́ tí yóò lò níbẹ̀ ní ìwọ̀n. Ẹni tí kò tíì pé ọdún 16 kò gbọdọ̀ kọjá oṣù mẹ́ta. Ẹni tó ti pé 16 tí kò tíì pé 18 kò gbọdọ̀ kọjá oṣù mẹ́fà. Ẹni tó ti lé ní 18 lè lo oṣù 24. Àwọn ẹ̀ṣẹ̀ ńlá nìkan ló lè sọ ọ́ di ọdún mẹ́ta.

Oṣù mẹ́ta kéré lójú bàbá tí ọ̀rọ̀ ti sú, kò sí àníàní. Ṣùgbọ́n ohun tí àwọn aṣòfin ń sọ níbẹ̀ ni pé ilé tó ní ògiri kì í ṣe ibi tí a ti ń tọ́ ọmọ dàgbà. Ibi ìdúró díẹ̀ ni.

Ọ̀nà jíjìn

Ibi tí ìṣòro wà fún ará Tamale ni ibi tí àwọn ilé náà wà. Ọmọkùnrin tí kò tíì pé ọdún 15, ilé ìtúnwàṣe kékeré ló ń lọ. Èyí tó lórúkọ jù fún àwọn ọkùnrin wà ní Agona Swedru, ní Ẹkùn Àárín Gbùngbùn. Àwọn tó ti kọjá ọdún 15, ilé àwọn àgbà díẹ̀ ni tiwọn. Ẹyọ kan ṣoṣo ni irú rẹ̀ wà ní gbogbo Ghana, Accra ló wà, lábẹ́ àjọ tó ń rí sí ọgbà ẹ̀wọ̀n. Borstal ni wọ́n ń pè é tẹ́lẹ̀. Ibẹ̀ kì í ṣe ibi ìjìyà lásán: ilé-ìwé wà nínú rẹ̀, àwọn ọmọ tó wà níbẹ̀ ń ṣe ìdánwò àṣejáde bíi ti ẹgbẹ́ wọn níta, wọ́n sì ń kọ́ iṣẹ́ gbẹ́nàgbẹ́nà, iṣẹ́ télọ̀ àti àwọn iṣẹ́ ọwọ́ mìíràn.

Ṣùgbọ́n láti Tamale dé Accra lé ní 600 kìlómítà lójú títì. Ìyá tó ń ta ìrẹsì tàbí òrí ní ọjà Aboabo yóò wọ ọkọ̀ fún ọ̀pọ̀ wákàtí kó tó fojú kan ọmọ rẹ̀, yóò san owó àlọ àti ti àbọ̀, yóò sì pàdánù ọjà ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta. Ìgbà mélòó ni yóò lè lọ láàrin oṣù mẹ́fà? Èdè pàápàá yàtọ̀: Dagbani ni ọmọ náà ń sọ nílé, Twi, Fante àti Ga ni yóò máa gbọ́ láyìíká rẹ̀.

Bí ó bá jẹ́ pé oògùn ti da orí ọmọ náà rú ńkọ́? Àwọn ilé ìwòsàn àìsàn ọpọlọ ńlá mẹ́ta tí ìjọba Ghana ní, ti Accra, ti Pantang àti ti Ankaful, gúúsù ni gbogbo wọn wà. Ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ ìṣègùn ti Tamale ní ẹ̀ka tirẹ̀ fún irú àìsàn yìí, òun sì ni odindi ìhà àríwá ń wò lójú.

Nígbà tí ibi tí òfin là sílẹ̀ bá jìnnà tó bẹ́ẹ̀, àwọn ènìyàn yóò wá ibi tó súnmọ́ tòsí.

Ẹnìkan ló ń bímọ

Láàrin àwọn Dagomba tó ni ilẹ̀ Tamale, gbígbé ọmọ fún mọ̀lẹ́bí tọ́ kì í ṣe ohun tuntun. Ọmọ onílù a máa lọ gbé lọ́dọ̀ onílù mìíràn kó lè kọ́ṣẹ́ dáadáa, nítorí wọ́n gbà pé ọwọ́ bàbá ẹni máa ń rọ̀ jù. Àwọn mìíràn ń gbé ọmọ lọ sọ́dọ̀ afa láti kọ́ Kùránì. Ẹni tó bá gbọ́ Yorùbá yóò ti mọ ẹni tí wọ́n ń pè ní afa.

Àwọn Yorùbá tí wọ́n gbé Tamale rí mọ àṣà yìí dáadáa, torí irú tiwọn ni. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún tó kọjá ni àwọn oníṣòwò láti Ògbómọ̀ṣọ́, Ìgbẹ́tì, Ìgbòho, Ṣakí àti ìlú mìíràn ti ń lọ síbẹ̀, wọ́n sì pọ̀ níbẹ̀ títí di ìgbà tí ìjọba Kofi Busia pàṣẹ ní ọjọ́ 18 oṣù Kọkànlá ọdún 1969 pé kí àlejò tí kò ní ìwé kúrò nílùú láàrin ọ̀sẹ̀ méjì. Nínú ìṣòwò wọn, ọmọ ẹ̀gbọ́n tàbí ọmọ àbúrò láti ilé máa ń bá ẹni tó ti dé síwájú ṣiṣẹ́, yóò máa gbé lọ́dọ̀ rẹ̀, yóò sì kọ́ òwò àti ìwà pa pọ̀.

Ètò bẹ́ẹ̀ ní àbùkù tirẹ̀, ìyà sì wà níbẹ̀ púpọ̀. Ṣùgbọ́n ó ní nǹkan kan tí ilé aládàáni tòde òní kò ní. Ẹni tó gba ọmọ náà mọ ìyá rẹ̀. Bí ó bá ṣe ọmọ náà léṣe, ọ̀rọ̀ yóò délé kí oṣù tó pé, yóò sì dojú ti òun àti ìdílé rẹ̀. Ojú ènìyàn ló ń ṣọ́ alágbàtọ́.

Kàdúná àti Ìbàdàn, 2019

Ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí kò bá sí ojú tó ń ṣọ́ni hàn kedere ní Nàìjíríà lọ́dún 2019. Ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹsàn-án, àwọn ọlọ́pàá wọ ilé kan ní Rigasa, ní Kàdúná, wọ́n sì bá ọmọkùnrin àti ọkùnrin tó lé ní 300 níbẹ̀. Ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ wà lẹ́sẹ̀ àwọn kan, àpá ẹgba sì wà lẹ́yìn àwọn mìíràn. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ti Daura, ní ìpínlẹ̀ Kàtsínà. Àwọn kan sọ ọ́ nígbà náà pé ọ̀rọ̀ àwọn ará òkè ọya ni, títí di ọjọ́ 4 oṣù Kọkànlá nígbà tí àwọn ọlọ́pàá ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ kó ènìyàn 259 jáde láti ibì kan ní Òjòó, Ìbàdàn.

Ohun tó yẹ kí ènìyàn fi sọ́kàn nínú ìtàn wọ̀nyí ni pé a kò jí ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ náà gbé. Àwọn òbí wọn ló fi ọwọ́ ara wọn mú wọn lọ. Wọ́n sanwó. Ilé kéwú àti ilé àtúnṣe ni wọ́n pe ibẹ̀ fún wọn. Nígbà tí ìròyìn jáde, àwọn òbí kan sọ pé àwọn kò mọ ohun tó ń lọ nínú ilé náà rárá.

Ìjọba Nàìjíríà ní ilé tirẹ̀. Òfin Borstal ti ọdún 1960 ló dá a sílẹ̀, fún àwọn ọmọkùnrin láti ọdún 16 títí dé 21, mẹ́ta ni ó sì wà: Kàdúná, Ìlọrin àti Abẹ́òkúta. Ẹni tó bá wọ ibẹ̀ yóò rí púpọ̀ nínú àwọn ọmọ náà tí kò jalè, tí kò pa ènìyàn. Òbí wọn ló lọ sọ fún ilé ẹjọ́ pé apá àwọn kò ká wọn mọ́. Ọmọ tó ń sá nílé-ìwé àti ọmọ tó ń jalè lójú pópó á wá máa sùn nínú yàrá kan náà.

Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ilẹ̀ adúláwọ̀ nìkan

Ní oṣù Kẹta ọdún 2024, tọkọtaya kan ní Lọ́ńdọ̀nù mú ọmọkùnrin wọn rin ìrìn-àjò lọ sí Ghana. Wọ́n sọ fún un pé mọ̀lẹ́bí kan ń ṣàìsàn. Nígbà tó débẹ̀ ló tó mọ̀ pé ilé-ìwé tí akẹ́kọ̀ọ́ ti ń gbé ni wọ́n fẹ́ fi òun sí. Ẹ̀rù ń ba àwọn òbí náà pé ó ti fẹ́ wọ ẹgbẹ́ àwọn ọ̀dọ́ tó ń gún ara wọn lọ́bẹ, ẹ̀rù náà kì í sì í ṣe àsọdùn, nítorí àwọn ọmọ adúláwọ̀ wà lára àwọn tí ọ̀bẹ ń pa ní Lọ́ńdọ̀nù lọ́dọọdún. Ọmọ náà wá agbẹjọ́rò láti Ghana níbẹ̀, ó sì pe òbí rẹ̀ lẹ́jọ́. Ní oṣù Kejì ọdún 2025, Adájọ́ Hayden sọ pé ìpinnu náà kò kọjá ẹ̀tọ́ òbí. Ní oṣù Kẹfà, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn fagi lé ìdájọ́ náà, ó sì ní kí adájọ́ mìíràn tún ẹjọ́ náà gbọ́, kí wọ́n sì ka ohun tí ọmọ náà fúnra rẹ̀ ń sọ sí dáadáa.

Ọ̀pọ̀ Yorùbá tó wà nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló gbọ́ ẹjọ́ yìí tí wọ́n mi orí. Ta ni kò mọ ìdílé tó ti halẹ̀ mọ́ ọmọ rẹ̀ pé òun yóò dá a padà sílé? Òbí wọ̀nyí kò ya ìkà. Àmọ́ ẹ̀tàn ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, ọmọ ọdún 13 tí a tàn dé ibì kan kì í sì í tètè gbàgbé.

Ní Amẹ́ríkà, okòwò ńlá ni ilé àtúnṣe fún ọmọ aláìgbọràn. Àwọn òbí a máa háyà àwọn géńdé láti wá gbé ọmọ lórí ibùsùn lóru. Paris Hilton, tí wọ́n gbé lọ bẹ́ẹ̀ nígbà èwe rẹ̀, wà lára àwọn tó ṣíwájú ìpolongo tó bí òfin kan tí Ààrẹ Joe Biden fọwọ́ sí ní oṣù Kejìlá ọdún 2024, kí ìjọba lè máa ṣe àkọsílẹ̀ ohun tó ń lọ nínú irú ilé bẹ́ẹ̀.

Ṣé kíkó wọn jọ máa ń ṣiṣẹ́?

Èsì àwọn onímọ̀ lè ya ènìyàn lẹ́nu. Láti ọdún 1939 ni wọ́n ti ṣe ètò kan ní Cambridge àti Somerville, ní Massachusetts, níbi tí wọ́n ti fi olùdámọ̀ràn fún àwọn ọmọkùnrin tí wọ́n rò pé wọ́n lè bàjẹ́, tí wọ́n sì fi ìdajì mìíràn sílẹ̀ láìfún wọn ní nǹkan kan. Ọmọ 506 ni wọ́n tẹ̀lé. Nígbà tí Joan McCord tọpa wọn ní nǹkan bí 30 ọdún lẹ́yìn náà, púpọ̀ nínú àwọn tí wọ́n ràn lọ́wọ́ sọ pé ètò náà ṣe àwọn lóore. Àkọsílẹ̀ sọ nǹkan mìíràn: nínú ọ̀rọ̀ ìwà ọ̀daràn, ọtí àmujù àti ikú àìtọ́jọ́, tiwọn burú ju ti àwọn tí ẹnikẹ́ni kò ràn lọ́wọ́ lọ.

Lọ́dún 1999, McCord pẹ̀lú Thomas Dishion àti François Poulin tún yẹ̀ ẹ́ wò. Wọ́n rí i pé àwọn tí wọ́n kó lọ sí àgọ́ ìsinmi pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ wọn ju ẹ̀ẹ̀kan lọ ni ọ̀rọ̀ wọn burú jù. Àlàyé wọn kò le: bí ọmọkùnrin aláìgbọràn bá pọ̀ níbì kan, àwọn fúnra wọn ni olùkọ́ ara wọn. Ẹni tó bá sọ ìtàn bí òun ṣe fọ́lé ni wọn yóò rẹ́rìn-ín fún, òun sì ni yóò di ọ̀gá. Àwọn bàbá wa ti sọ ọ́ ṣáájú wọn pé àgùntàn tó bá bá ajá rìn yóò jẹgbẹ́. Ohun tí àwọn onímọ̀ náà fi kún un ni pé àwa àgbà ló sábà máa ń ṣètò ìrìn náà.

Èyí kò túmọ̀ sí pé kí a ti gbogbo irú ilé bẹ́ẹ̀ pa. Ọmọ wà tí ilé rẹ̀ gan-an ni ewu: bàbá tó ń fi irin nà án, tàbí ẹ̀gbọ́n tó ń ta oògùn nínú yàrá. Ọmọ sì wà tí ara rẹ̀ kò lè fi oògùn sílẹ̀ láìsí dókítà nítòsí, nítorí oògùn bíi Tafrodol lè mú kí ènìyàn má lè mí mọ́ tó bá pọ̀ lára, kí gìrì sì mú un nígbà tó bá ń fi í sílẹ̀. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ nílò ibi tí yóò gbé. Ẹgba àti ààwẹ̀ kì í wo irú àárẹ̀ yẹn sàn.

Ohun tó ń ya ilé rere sọ́tọ̀ sí ti burúkú kò ṣòro láti béèrè. Ṣé ó ní ìwé àṣẹ, ṣé ó sì lè mú un jáde? Ṣé òbí lè yọjú láìsọ tẹ́lẹ̀? Ṣé ọmọ lè fi fóònù pe ilé láìsí ẹni tó dúró tì í? Ta ni nọ́ọ̀sì wọn? Ọjọ́ wo ni yóò kúrò? Ilé tí kò lè dá ọjọ́ kan tí ọmọ yóò padà sílé, owó oṣooṣù ló ń lé. Èyí tó ṣe pàtàkì jù nínú gbogbo rẹ̀ ni ohun tí wọ́n ń ṣe pẹ̀lú òbí ní gbogbo ìgbà tí ọmọ fi wà lọ́dọ̀ wọn, nítorí ọ̀dọ̀ bàbá àti ìyá kan náà, ní àdúgbò kan náà, ni ọmọ náà ń padà bọ̀.

Ní ìhà àríwá Ghana, ètò kan ti wà láti ọdún 1995 tí kì í gbé ọmọ kúrò nílé rárá. School for Life ni wọ́n ń pè é. Ó ń gba àwọn ọmọ ọdún 8 sí 14 tí kò sí nílé-ìwé, ó ń kọ́ wọn ní ìwé kíkọ àti kíkà ní èdè abínibí wọn fún oṣù mẹ́sàn-án, ní àsìkò tí kò dí iṣẹ́ oko àti iṣẹ́ ilé lọ́wọ́, lẹ́yìn náà ni wọn yóò wọ ilé-ìwé ìjọba. A kò dá a sílẹ̀ fún ọmọ tó ń lo oògùn olóró, kò sì lè rọ́pò ilé ìwòsàn. Àmọ́ ọmọ ọdún 12 tó ní ibi tó ń lọ lójoojúmọ́ ṣòroó rí kó wọ ẹgbẹ́kẹ́gbẹ́ ju èyí tó jókòó sí ibùdókọ̀ lọ.

Ní ti òbí tó wà ní Tamale lónìí, kò pọn dandan kí ọmọ rẹ̀ ti ṣẹ̀ sí òfin kó tó wá ìrànlọ́wọ́. Ọ́fíìsì ìjọba tó ń rí sí ìgbáyégbádùn ará ìlú wà níbẹ̀, iṣẹ́ wọn sì ni láti gbọ́ ẹjọ́ ọmọ tó wà nínú ewu, láti wá wo ilé rẹ̀, àti láti sọ ilé ìtọ́jú tó ní àṣẹ àti èyí tí kò ní. Bí ó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ oògùn, ẹ̀ka àìsàn ọpọlọ ní ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ ìṣègùn Tamale ni ibi àkọ́kọ́. Kí wọ́n mú páálí oògùn náà dání bí wọ́n bá rí i, kí dókítà lè mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Kí wọ́n sì sọ ibi tí wọ́n ń lọ fún ọmọ náà kí wọ́n tó jáde nílé.